Títún ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí ayùn tó kan egungun

Bí orúnkún bá tẹ̀ síta, ìwúwo ara kì í gba àárín oríkèé mọ́. Apá inú ló máa ń ru ọ̀pọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni egungun rírọ̀ tó bo oríkèé ti máa ń kọ́kọ́ jẹ tán. Tó bá jẹ́ K-leg ni, apá òde ni ẹrù náà yóò wà. Nínú iṣẹ́ abẹ tí a ń sọ níbí, dókítà egungun á gé egungun ojúgun díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ orúnkún láì gé e já, á là á sílẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì mélòó kan, á sì fi irin pẹlẹbẹ àti sukúrúù dì í mú títí yóò fi so pọ̀. Kó tó di ọjọ́ yẹn, ó yẹ kí a ti gé e lórí kọ̀ǹpútà, kí a mọ ibi tí ayùn yóò gbà, iye mìlímítà tí àlàfo yóò fẹ̀, àti bí oríkèé yóò ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀.

A kọ èyí fún dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ egungun, fún àwọn oníṣẹ́ X-ray, àti fún ẹ̀ńjíníà tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ní Federal Medical Centre tó wà ní Ìdí-Aba tàbí ní ilé ìwòsàn àdáni. Àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ kò dàgbà mọ́ ni ìlànà náà wà fún. Ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ nítorí ríkẹ́ẹ̀tì tàbí àrùn Blount ṣì ní ibi tí egungun ti ń dàgbà lọ́wọ́, ìṣirò tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá; ẹ má fi èyí ṣe é. Dókítà tí yóò di ọ̀bẹ mú ló sì gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo nọ́ńbà tó bá jáde wò, kó fọwọ́ sí i.

Àwòrán ni ìpìlẹ̀

Àwòrán ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. X-ray gígùn ni ẹ nílò, láti ìbàdí dé ọrùn ẹsẹ̀, kí aláìsàn wà lórí ìdúró, kó gbé ara lé ẹsẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Kí ẹ̀rọ jìnnà sí i ní nǹkan bíi mítà 3. Ọmọrí orúnkún ni kó kọjú síwájú gan-an. Ẹ má wo ìka ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ fún aláìsàn pé kó na ìka ẹsẹ̀ síwájú, ẹni tí ojúgun rẹ̀ sì ti lọ́ tẹ́lẹ̀ yóò yí orúnkún sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìmọ̀. Orúnkún tó yí, tó tún ká díẹ̀, lè mú kí ẹsẹ̀ dà bí èyí tó tẹ̀ ju bó ṣe tẹ̀ lọ. Àṣìṣe dígírì 2 tàbí 3 kò ṣòro níbẹ̀, ìyẹn sì tó láti sọ iṣẹ́ abẹ tó dára di èyí tí wọ́n tún ẹsẹ̀ ṣe kọjá ààlà. Bí àwòrán bá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ọmọrí náà wà láàárín ìsàlẹ̀ egungun itan. Ẹ tún wo fíbúlà, egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun lápá òde: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta orí rẹ̀ ló yẹ kó sá pamọ́ sẹ́yìn egungun ojúgun. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún un yà.

Kí wọ́n lẹ bọ́ọ̀lù irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 25 mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúnkún, kó bá egungun wà ní ọ̀gangan kan náà láti iwájú sí ẹ̀yìn. Òun ni kọ̀ǹpútà yóò fi mọ iye pixel tó wà nínú mìlímítà kan. Tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó tó wà lẹ́yìn aláìsàn, bọ́ọ̀lù náà kò ní tóbi lójú àwòrán tó bí egungun ṣe tóbi, kọ̀ǹpútà yóò sì ka egungun sí èyí tó fẹ̀ ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Igun kò ní yí padà, àmọ́ mìlímítà àlàfo yóò pọ̀ jù.

Níbi tí kò bá sí pẹpẹ gígùn, wọ́n máa ń ya á ní ìpín 2 tàbí 3, wọ́n á wá so wọ́n pọ̀. Kí rúlà irin wà nínú àwòrán láti òkè dé ilẹ̀. Tí ìlà rúlà bá ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti so ó, aláìsàn ti mira nìyẹn, ẹ má wọn ohunkóhun lórí rẹ̀. Bákan náà, ẹ má gba fọ́tò tí ẹnìkan fi fóònù yà lára fíìmù tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fóònù tó dagun díẹ̀ ti yí igun padà, bọ́ọ̀lù ìwọ̀n sì lè má hàn. Fáìlì DICOM gan-an, èyí tó jáde látinú ẹ̀rọ tó ya àwòrán, ni kẹ́ ẹ béèrè.

CT scan ni yóò fún yín ní bí egungun ṣe rí yípo. Kí wọ́n gé orúnkún ní mìlímítà 1 tàbí kó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mìlímítà 2 tó fún ìbàdí àti ọrùn ẹsẹ̀, àmọ́ kí wọ́n ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ kí aláìsàn dìde. Àwòrán kan nínú rẹ̀ máa ń tó ìdajì MB, nítorí náà 500 yóò gba nǹkan bíi 250 MB. Inú CD ló sábà máa ń wà, ẹ mú ohun tó lè ka CD dání, torí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tuntun kò ní in. Ẹ pa orúkọ aláìsàn rẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé e kúrò ní ilé ìwòsàn. Òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni sí ohun tó gbọ́dọ̀ ní ààbò tó lágbára. Ẹ sì rántí pé lórí ìdùbúlẹ̀ ni wọ́n ti ń ya CT, ẹrù ara kò sí lórí orúnkún. Orí X-ray ìdúró lẹ ó ti wọn igun, ara CT lẹ ó ti gé egungun.

Igun mẹ́rin, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun mìíràn

Àmì mẹ́ta lẹ ó fi sórí X-ray. Fún ìbàdí, ẹ ya òbìrípo tó bá etí orí egungun itan mu, kí ẹ fi àmì sí àárín rẹ̀. Fún orúnkún, ẹ mú àárín góńgó kékeré méjì tó wà lórí egungun ojúgun. Fún ọrùn ẹsẹ̀, ẹ mú àárín ojú egungun tí ojúgun jókòó lé. Lọ́dọ̀ wa, ẹ ó máa rí àwọn tó ní sickle cell tí orí egungun itan wọn ti wó, òbìrípo kò sì ní bá a mu. Apá tó ṣì yípo lára rẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, lórí CT tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé pé àmì yìí kò dúró gírígírí. Dókítà lè fẹ́ kọ́kọ́ yanjú ọ̀ràn ìbàdí náà.

Igun àkọ́kọ́ ni HKA, láti ìbàdí sí orúnkún sí ọrùn ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gún jẹ́ 180. Bí ó bá jẹ́ 171, ó ti tẹ̀ síta ní dígírì 9. Èkejì, mLDFA, wà láàárín ìlà egungun itan àti ojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lápá òde. Ẹ̀kẹta, MPTA, wà láàárín ìlà ojúgun àti ojú òkè rẹ̀ lápá inú. Àwọn méjèèjì yìí sábà máa ń wà láàárín 85 sí 90. Ẹ̀kẹrin ni JLCA, igun tó wà láàárín ojú egungun méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé. Láti 0 dé 2 ló yẹ kó jẹ́.

Ẹ yọ MPTA kúrò nínú mLDFA, kí ẹ fi JLCA kún un. Ohun tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá iye tí HKA fi dín sí 180 mu. Bí wọ́n bá fi ju dígírì 1 lọ yàtọ̀ síra, àmì kan ti ṣìnà, ẹ padà lọ wá a. Ìṣẹ́jú kan péré ni àyẹ̀wò yìí ń gbà, ó sì yà wá lẹ́nu pé àwọn èèyàn máa ń fò ó.

Igun mẹ́rin yìí ló ń sọ egungun wo lẹ̀bi. MPTA tó wà lábẹ́ 85 ń tọ́ka sí ojúgun. Tí mLDFA bá ju 90 lọ nínú ẹsẹ̀ tó tẹ̀ síta, tàbí tó wà lábẹ́ 85 nínú K-leg, egungun itan ni kẹ́ ẹ gé. Bí JLCA nìkan ló tóbi, iṣan tó dẹ̀ tàbí egungun rírọ̀ tó ti jẹ ni. Èyí tó tún wọ́pọ̀ níbí ni ẹni tí ọkadà ṣe léṣe lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tí wọ́n to egungun rẹ̀ nílé, tó sì so pọ̀ ní wíwọ́. Agbede ojúgun tàbí agbede itan gan-an ló ti tẹ̀. Bí ẹ bá lọ gé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítòsí orúnkún, HKA yóò gún lórí ìwé, ṣùgbọ́n egungun á wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ojú oríkèé á sì dagun. Ẹ fa ìlà láàárín egungun láti òkè wá sílẹ̀, àti láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé ni ibi tó tẹ̀.

Iye dígírì, iye mìlímítà

Ẹ wo fífẹ̀ ojú egungun ojúgun bí ìdá ọgọ́rùn-ún, kí etí inú jẹ́ 0, kí etí òde jẹ́ 100. Ní 1979 ni Fujisawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn jáde ní Japan, látinú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń darí ìwúwo gba ibi 62 sí 62.5. Kò yẹ kí gbogbo èèyàn gba ibẹ̀. Ẹni tí egungun rírọ̀ apá inú rẹ̀ ṣì dára lè dúró sí 50 sí 55. Ẹni tí tirẹ̀ ti jẹ dé egungun lè sún mọ́ 60. A fara mọ́ kí ìpinnu yìí wá látinú àwòrán àti ọjọ́ orí aláìsàn, kó má jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a ń fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọ̀nà Miniaci, tó jáde ní 1989, ni a fi ń rí igun àtúnṣe. Ẹ fa ìlà láti àárín orí egungun itan, kó gba ibi tí ẹ fẹ́ kí ìwúwo gbà, kó lọ títí dé ọ̀gangan ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ fi àmì sí híńjì, ìyẹn egungun díẹ̀ tí ayùn kò ní gé lápá òde, tí ìsàlẹ̀ ojúgun yóò fi yí bí ilẹ̀kùn. Láti híńjì, ẹ fa ìlà kejì lọ sí àárín ọrùn ẹsẹ̀ bó ṣe wà báyìí. Ẹ wá yí ìlà kejì yìí, kí híńjì dúró sójú kan, títí ìdí rẹ̀ yóò fi kan ìlà àkọ́kọ́. Iye tó yí ni igun àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú ni, tó ń lóṣòó, tó ń dìde láti àárọ̀. mLDFA rẹ̀ jẹ́ 88, MPTA 83, JLCA 4. 88 yọ 83, ó ku 5. Fi 4 kún un, ó di 9. HKA rẹ̀ jẹ́ 171, ó bára mu. Ojúgun ló jẹ̀bi. A fẹ́ kí ìwúwo gba ibi 60, Miniaci sì fún wa ní dígírì 11. Ẹ má tíì gbé 11 lọ. JLCA 4 túmọ̀ sí pé lára títẹ̀ yẹn wá látinú oríkèé tó là sílẹ̀ lápá òde. Bí ìwúwo bá ti kúrò lápá inú, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò padé fúnra rẹ̀. Ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí a yọ 2 kúrò nínú JLCA, kí a pín ohun tó kù sí méjì, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú igun àtúnṣe. Tirẹ̀ jẹ́ 1, nítorí náà dígírì 10 la ó gé. Ẹni tó bá gbàgbé èyí ló máa ń sọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síta di oní-K-leg.

MPTA rẹ̀ yóò di 93. Ààlà nìyẹn. Tó bá kọjá 93 sí 95, ojú oríkèé á dagun, egungun itan á máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ojúgun bí aláìsàn bá ń rìn. Nígbà náà, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa pínpín àtúnṣe sáàárín itan àti ojúgun.

Láti sọ dígírì di mìlímítà, ẹ wọn gígùn ibi tí ayùn yóò gé, láti etí inú dé híńjì. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi sine ìdajì igun náà sọ ọ́ di púpọ̀. Ti ìyá yìí gùn ní mìlímítà 62: 2 × 62 × sin 5° = mìlímítà 10.8. Àwọn kan ń fi mìlímítà 1 ka dígírì 1. Ìyẹn máa ń ṣòótọ́ fún ẹni tí gígùn gígé rẹ̀ tó 57. Lára ọkùnrin tí tirẹ̀ jẹ́ 70, mìlímítà 10 kò ní fún yín ju dígírì 8.2 lọ.

Gígé e ní yípo

3D Slicer, sọ́fíwia tó ń sọ àwòrán CT di egungun yípo, àti Blender, èyí tí a fi ń gé e tí a sì fi ń yí i, jẹ́ ọ̀fẹ́, bí ẹ bá sì ti gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà tán, ẹ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. RAM 16 GB yóò gbé e. Ẹ máa fi iṣẹ́ pamọ́ léraléra, nítorí NEPA.

Nínú Segment Editor ti Slicer, ẹ bẹ̀rẹ̀ Threshold láti nǹkan bíi 200 HU, ìyẹn ìwọ̀n bí ohun kan ṣe ki tó lójú CT. Egungun arúgbó tó ti fẹ́lẹ́ lè nílò 150. Níbi tí oríkèé ti há, itan àti ojúgun máa ń lẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ fi Scissors yà wọ́n, kí ẹ fi Islands mú èyí tó tóbi jù. Smoothing máa ń jẹ etí tó fẹ́lẹ́, nítorí náà lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó, ẹ gbé ìlà egungun yín lé orí àwòrán CT, kí ẹ wò bóyá ó ṣì bá a mu. Ẹ wọn fífẹ̀ òkè ojúgun kí ẹ tó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí STL, fáìlì tó ń gbé bí nǹkan ṣe rí yípo. STL kò mọ mìlímítà yàtọ̀ sí mítà. Blender lè ka mìlímítà 75 sí mítà 75. Ẹ tún un wọ̀n níbẹ̀.

Gígé yóò bẹ̀rẹ̀ lápá inú, ní nǹkan bíi mìlímítà 35 sí 40 sí ìsàlẹ̀ ojú oríkèé, yóò sì dorí kọ ṣóńṣó orí fíbúlà. Híńjì yóò ku mìlímítà 5 sí 10 sí etí òde. Egungun tó wà láàárín híńjì àti ojú oríkèé gbọ́dọ̀ nípọn ju èyí tó kù lápá òde lọ; nǹkan bíi 15 dára. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù ni egungun yóò gbà ya. Bí ó bá ya lọ sókè wọ inú oríkèé, ọ̀ràn ńlá ni. Gígé kejì yóò gòkè lọ lẹ́yìn gegele iwájú ojúgun tí iṣan ńlá itan so mọ́, ní nǹkan bíi dígírì 110 sí gígé àkọ́kọ́. Bí gegele náà bá fẹ́lẹ́ ju mìlímítà 10 lọ, ó lè ṣẹ́.

Ibi tí 3D ti wúlò jù rèé. Híńjì kì í ṣe àmì kan. Ìlà ni, ó sì gbọ́dọ̀ lọ tààrà láti iwájú sí ẹ̀yìn. Ọwọ́ dókítà sábà máa ń wọlé láti iwájú inú, nítorí náà ó rọrùn kí ìlà híńjì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti yí, lílà àlàfo yóò tún ojú ojúgun dà sẹ́yìn, aláìsàn kò sì ní lè na orúnkún tán. Ẹ wọn ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn ṣáájú àti lẹ́yìn. Kó má yàtọ̀ ju dígírì 1 lọ. Àmì tí dókítà lè wò ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni pé àlàfo iwájú, lẹ́bàá gegele, yẹ kó jẹ́ nǹkan bí ìdajì èyí tó wà lẹ́yìn lápá inú. Mìlímítà 1 péré tó bá lé níwájú lè yí ìdagẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 2.

Kí ẹ tó yí apá ìsàlẹ̀, ẹ gbé 3D Cursor sórí ìlà híńjì, kí ẹ yan 3D Cursor fún Pivot Point. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Blender á yí i láti àárín ara rẹ̀, egungun á wọ inú egungun. Ẹ so àmì ọrùn ẹsẹ̀ mọ́ apá ìsàlẹ̀ kí wọ́n jọ yí. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á wọn HKA tuntun, á sì rí HKA àtijọ́.

Ṣé híńjì yóò gbà á?

Ìdáhùn èyí wà nínú ìṣirò finite element, tí kọ̀ǹpútà fi ń pín egungun sí ẹ̀yà kéékèèké kó lè mọ bí ẹrù ṣe ń fà á; sọ́fíwia FEBio sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Láti sọ bí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣe le tó, ẹ fún egungun líle òde ní GPa 17, kí ẹ fún egungun inú tó rí wúruwùru ní MPa 300 sí 1000, títáníọ́ọ̀mù ní GPa 110, kí iye Poisson gbogbo wọn, ìyẹn bí ohun kan ṣe ń fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, jẹ́ 0.3. Kí àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí ẹ pín egungun sí jẹ́ mìlímítà 1 nítòsí híńjì, 3 sí 4 níbòmíràn. Ẹ de ìsàlẹ̀ ojúgun mọ́lẹ̀. Fún ìyá wa tó wọn kílò 80, ìlọ́po 2.5 ìwúwo ara rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1960 newton, ẹ pín in sórí apá inú àti apá òde gẹ́gẹ́ bí ìlà ìwúwo tuntun ṣe gbà.

Ṣóńṣó ibi tí ayùn ti dúró ló ń tan èèyàn jẹ. Tí ẹ bá fi ṣóńṣó mímú parí gígé, bí ẹ ṣe ń sọ àwọn ẹ̀yà yẹn di kékeré sí i, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà yóò máa ga, kò ní dúró. Ẹ fi ihò roboto mìlímítà 2 sí 3 parí rẹ̀. Ẹ wá sọ àwọn ẹ̀yà náà di kékeré sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí èsì bá yàtọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ kò tíì dé ibì kankan. Ẹ wo bí egungun líle ṣe fà níbi híńjì: tó bá sún mọ́ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ṣeé ṣe kó dá. Ẹ sún híńjì, tàbí kí ẹ ní kí dókítà là á díẹ̀díẹ̀, torí egungun tí a rọra là máa ń fara dà á ju èyí tí a fipá là lọ.

Ohun tó máa wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò gbọ́dọ̀ ju ojú ìwé kan lọ: ẹsẹ̀ ọ̀tún tàbí òsì, gígùn gígé, bí híńjì ṣe jìnnà sí etí òde àti sí oríkèé, àlàfo ẹ̀yìn, àlàfo iwájú. Tí ẹ bá fi ẹ̀rọ 3D tẹ àwòṣe egungun pẹ̀lú ike PLA, kó wà lórí tábìlì fún wíwò nìkan. PLA máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 60 °C, ẹ̀rọ tí a fi ń pa kòkòrò lára irinṣẹ́ sì ń lò 121 tàbí 134. Nígbà tí aláìsàn bá tún lè dúró dọ́gba, ẹ ya X-ray gígùn mìíràn, kí ẹ wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bíi ti àkọ́kọ́. Bí HKA bá yà kúrò nínú ètò ju dígírì 2 lọ, ẹ wo MPTA: tó bá pé 93 bí a ṣe wí, iṣan àti JLCA ló yí padà, tí kò bá pé, ibi àlàfo ni kẹ́ ẹ wá a sí.